Àsùnwọ̀n òyìnbó fún làpálàpá: àwo mi mọ́ tónítóní, ṣé ewé ló ṣiṣẹ́ àbí èmi ni mo ṣì í ṣe?

ÀríkẹM

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá mi tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ láàbù. Ẹ dákun ẹ gbà mí, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò sùn dáadáa. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà, maikirobáyọ́lọ́jì ni mò ń kà, pírójẹ́ẹ̀tì mi sì dá lórí ewé àsùnwọ̀n òyìnbó, ìyẹn Senna alata, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lágbára lórí bakitéríà àti lórí fọ́ńgáì tó ń fa làpálàpá. Kì í ṣe ọ̀gá mi ló yan ewé yìí fún mi o, èmi ni mo mú un wá. Màmá àgbà mi ti ń fi í wo làpálàpá fún àwọn ọmọ àdúgbò wa kí wọ́n tó bí mi. Èmi gan-an, nígbà tí mo wà ní pámárì túù, làpálàpá jẹ mí lórí, irun ibẹ̀ re dànù, ó rí rogodo bí ìdérí ìgò mínírà, màmá ló lọ ewé yẹn lórí ọlọ tó pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú tó ń fi fọ orí mi láàárọ̀ lálẹ́, nígbà tó máa fi di bí oṣù kan irun ti ń yọ padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo já ewé náà lẹ́yìnkùlé màmá, mo sá a sábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ mẹ́wàá, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo wọn 100 g mo rẹ ẹ́ sínú 500 ml ethanol, ìyẹn ọtí, fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tún wọn 100 g mìíràn mo rẹ ẹ́ sínú omi lásán fún ọjọ́ mẹ́ta bákan náà. Mo sẹ́ ẹ, mo gbé ti ethanol sórí water bath, ìyẹn abọ́ omi gbígbóná, títí tó fi ki tó sì dúdú bí ọ̀dà, mo wá fi DMSO, omi kẹ́míkà kan tó ń yọ́ nǹkan, yọ́ ọ, 100 mg nínú 1 ml. Mueller-Hinton, ìyẹn agar (oúnjẹ kòkòrò tó dì sínú àwo) ti bakitéríà, ni mo lò fún bakitéríà méjì, Staphylococcus aureus (Staph) àti E. coli, Sabouraud, agar ti fọ́ńgáì, ni mo lò fún Trichophyton rubrum, ọ̀kan lára fọ́ńgáì làpálàpá, mo lu ihò 8 mm sínú agar, mo da oje ewé sí i, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú incubator, àpótí tó ń mú kí àwo lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní 37°C di ọjọ́ kejì.

Ẹ wá wo ohun tí mo rí. Lórí Staph, àyíká ihò ewé mọ́ dé 19 mm, ìyẹn ni pé kòkòrò ò hù níbẹ̀, inú mi dùn, àmọ́ ihò tí mo da DMSO nìkan sí, tí kò ní ewé kankan nínú, òun náà mọ́ dé 11 mm! Lórí E. coli, ihò ewé 11, ihò DMSO 11, wọn ò yàtọ̀ síra rárá. Ti Trichophyton ló wá yà mí lẹ́nu jù, àwo náà mọ́ tónítóní láti etí kan dé èkejì, mo pariwo nínú láàbù, mo ya fọ́tò, mo ti fi ránṣẹ́ sí màmá mi kí ọ̀rẹ́ mi tó ní kí n lọ wo àwo tí mi ò fi oògùn kankan sí. Òun náà mọ́ bákan náà. Ti oje omi ńkọ́, ńṣe ni nǹkan funfun ń hù jáde láti inú ihò yẹn fúnra ẹ̀, ó ń tàn lọ bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá dà sórí tábìlì.

Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní kí n lọ ronú. Mo ti ronú títí. Màmá àgbà pè mí lálẹ́ àná, wọ́n ní "Àríkẹ́, ewé mi ńkọ́, ṣé ó pa á?" mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ṣé kí n yí ewé padà ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

AlàgbàLáàbù

Àríkẹ́ ọmọ mi, má yí ewé kankan padà. Ewé ò tíì sọ̀rọ̀, o ò tíì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń da agar, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ yìí ló ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

DMSO ni ká kọ́kọ́ sọ. DMSO tí a ò bù omi là máa ń pa kòkòrò fúnra ẹ̀, ìyẹn ló fi mọ́ dé 11 mm. Nítorí náà 19 tó o rí lórí Staph yẹn, o ò mọ èwo ni ti ewé nínú ẹ̀ èwo ni ti DMSO, o ò sì lè yọ 11 kúrò nínú 19 kó o ní ó ku 8, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó o máa ṣe ni pé kó o fi DMSO díẹ̀ yọ́ ọ̀dà ewé yẹn ná, kó o wá fi omi tó o ti pa kòkòrò inú ẹ̀ kún un títí DMSO ò fi ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ihò kọ́ńtíróòlù ẹ náà, ìyẹn èyí tí kò ní ewé tó o fi ń ṣe àfiwé, irú omi-òun-DMSO yẹn gẹ́lẹ́ ni kó o dà sí i, bó bá mọ́ ju etí ihò lọ, dá iṣẹ́ dúró. Bí ewé bá ń dì sísàlẹ̀ nígbà tó o bu omi sí i, 100 mg yẹn ló pọ̀ jù, bọ́ sí 50 tàbí 25.

Ethanol náà wà ńbẹ̀. Ìwọ sọ pé ó ki bí ọ̀dà, ọ̀dà ṣì lè ní ọtí nínú. Wọ̀n ọ́n, dá a padà sórí water bath ní 40 sí 50°C, tún un wọ̀n, bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i ọtí ṣì wà nínú ẹ̀, ìgbà tí ìwọ̀n méjì bá dọ́gba lo tó lè dáwọ́ dúró.

Ó wá kan Trichophyton. Ọmọ mi, àwo yẹn ò mọ́ nítorí ewé, ó mọ́ nítorí pé fọ́ńgáì yẹn ò tíì hù! Bakitéríà ló máa ń kánjú, Staph àti E. coli á ti bo gbogbo àwo láàárín wákàtí 18 sí 24, àmọ́ fọ́ńgáì làpálàpá kì í kánjú, 25 sí 30°C ló fẹ́, ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó hù dáadáa, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo tí o ò fi nǹkan kan sí yẹn ni adájọ́ ẹ, bí òun bá hù tó funfun bí òwú, ìgbà yẹn lo tó lè yíjú sí àwo ewé. Fi ketoconazole, oògùn fọ́ńgáì, sínú ihò kan kó o mọ̀ pé fọ́ńgáì tó wà lọ́wọ́ ẹ ṣeé pa, kó o fi ciprofloxacin tàbí gentamicin ṣe ti bakitéríà. Mi ò rí i kó o dárúkọ oògùn kankan nínú ohun tó o kọ, bí o ò bá fi sí i, fi sí i.

Oje omi tó ń hu nǹkan yẹn, ó ti kan ni. Ewé tí a já láti ẹ̀yìnkùlé, eruku ilẹ̀ wà lára ẹ̀, èso bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus wà nínú eruku yẹn, sísá ò lè pa wọ́n, o wá rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru yìí, ṣebí bí a ṣe ń rẹ ògì nìyẹn. Wákàtí 24 ti tó, inú fíríìjì ni kó o gbé e sí, lẹ́yìn náà kó o fi filter 0.45 µm sẹ́ ẹ, kó o tún fi 0.22 sẹ́ ẹ. Kó o tó lò ó rárá, kán an sórí nutrient agar tó mọ́ kó o gbé e sínú incubator di ọjọ́ kejì, bí nǹkan bá hù, dà á nù. Ṣe bákan náà fún ti ethanol, má fọkàn tán an.

Ohun kan wà tó o máa fojú fò dá tí mi ò bá sọ ọ́. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo dán ááyù wò, èsì mi dára lọ́jọ́ kan ó bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, oje kan náà o, àwo kan náà, mo ṣe é títí mo fi fẹ́ sunkún. Ìgbà tí mo dorí àwo kodò tí mo wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ni mo rí i, oje náà ti ń jò gba abẹ́ agar lọ! Nígbà tí mo ń fi irin yọ agar kúrò nínú ihò, mo ti ṣí ìdí ẹ̀ kúrò lára àwo láìmọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti lu ihò tán, mo máa ń kán agar gbígbóná ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ìdí ihò kó dì í, kí n tó da ohunkóhun sí i. Agar ẹ gbọ́dọ̀ nípọn tó 4 mm, bó bá fẹ́lẹ́ àyíká á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye kòkòrò tó o fi ra àwo, fi wé McFarland 0.5, túùbù omi rírú tí a fi ń díwọ̀n iye kòkòrò, ìyẹn nǹkan bí 1.5 × 10⁸ nínú 1 ml, gbé túùbù méjèèjì síwájú bébà tó o fa ìlà dúdú sí kó o wò ó bóyá ìlà náà ṣókùnkùn bákan náà. Bí kòkòrò bá kéré jù, omi àgbo tí kò lágbára á dà bí akọni.

ÌbílẹNiMí

Ẹ má bínú o, èmi ò rí ìdí tí a fi ń da ara wa láàmú. Àwọn baba wa ò ní DMSO wọn ò ní incubator, wọ́n lo àsùnwọ̀n, ara wọn yá, àwa náà bá a lọ. Ṣé tí àwo bá ní kò ṣiṣẹ́, màmá àgbà ọmọ yìí ti parọ́ nìyẹn? Ìbẹ̀rù òyìnbó ló wà nídìí gbogbo eléyìí. Èmi máa ń se àsùnwọ̀n òyìnbó mu fún táífọ́ọ̀dù, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tí màmá ẹ̀ mọ̀ sílẹ̀, ó tán.

ApoògùnÌlọrin

Ẹ̀gbọ́n ÌbílẹNiMí, mo gbọ́ yín, ohun tó ń dùn yín ń dun èmi náà, ìyá bàbá mi ń ta àgbo. Àmọ́ ìbẹ̀rù òyìnbó kọ́. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófówórà àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti mú pákò tí àwa ń rún lẹ́nu wá sínú láàbù láti nǹkan bí 1971, wọ́n rí i pé oje ẹ̀ ń dá kòkòrò ẹnu dúró lóòótọ́. Orin àtà náà ni wọ́n tún rí i pé omi gbòǹgbò ẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ti ká bíi dòjé padà sí rogodo nínú túùbù, ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀la-dìde yẹn. Ta ló ti máa ronú kan ìyẹn nínú pákò? Bí wọn ò bá dán an wò ni, a ò ní mọ̀. Ìwádìí ò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ti àgbo mímu fún táífọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ohun tó wà nínú àsùnwọ̀n ni à ń pè ní anthraquinone, òun ló ń mú ká ṣu, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń lò ó fún inú kíkún. Ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ń dá ìgbẹ́ gbuuru sí lára tẹ́lẹ̀ tó tún mu èyí, omi ara ẹ̀ á gbẹ, aláboyún ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Àwo agar ò níkùn, kò lẹ́dọ̀, kò lẹ́jẹ̀. Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun máa pa gbogbo kòkòrò inú àwo yẹn, kò sí ẹni tó máa tìtorí ẹ̀ bu bílíìṣì mu. Làpálàpá yàtọ̀ torí pé ara ni a ń fi pa, oje tó pọ̀ lè kan kòkòrò náà tààrà láìgba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ní Philippines, ewé yìí gan-an, akapulko ni wọ́n ń pè é, wà lára ewé mẹ́wàá tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, ti inú ara kọ́ o, ti ara pípa ni.

Àríkẹ́, àbúrò mi, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún ohun tí Alàgbà sọ.

Àkọ́kọ́, ààyè tó mọ́ lórí agar kì í sọ ẹni tó lágbára jù. Oje tó bá fúyẹ́ tó sì fẹ́ràn omi máa ń rìn jìnnà nínú agar, èyí tó ní òróró nínú máa ń jókòó sójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lágbára jù. Má kọ ọ́ síbi kankan nínú pírójẹ́ẹ̀tì ẹ pé oje ethanol dára ju oje omi lọ torí pé ààyè tiẹ̀ fẹ̀ jù. Fi ìyẹn mọ èyí tó yẹ kó o bá lọ, lẹ́yìn náà kó o wá MIC, ìyẹn ìwọ̀n tó kéré jù tó lè dá kòkòrò dúró. Inú plate oníhò 96 lo máa ṣe é, ihò kìíní 10 mg/ml, èkejì 5, ẹ̀kẹta 2.5, 1.25, 0.625, o ń pín in sí méjì lọ bẹ́ẹ̀. Oje àsùnwọ̀n máa dúdú débi pé o ò ní mọ èyí tó rú nítorí kòkòrò àti èyí tó rú nítorí ewé, nítorí náà kán resazurin sí i, àwọ̀ búlúù ni, ibi tí kòkòrò bá wà láàyè á di pínńkì. Lẹ́yìn náà bu díẹ̀ nínú àwọn ihò tí kò yí àwọ̀ padà sórí agar tuntun, bí nǹkan bá hù, ewé dá a dúró ni, kò pa á. Bí MIC ẹ bá wà nísàlẹ̀ 100 µg/ml, ìyẹn 0.1 mg/ml, pariwo. Bó bá lé ní 1 mg/ml, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, má ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Èkejì, má banújẹ́ nítorí E. coli. Àwọn bakitéríà tó jẹ́ Gram-negative, E. coli, Pseudomonas, wọ́n ní awọ kan lóde ara wọn tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nǹkan wọlé, Staph ò ní i. Ọ̀pọ̀ ewé ló máa ń mú Staph tí kì í mú E. coli, èsì nìyẹn náà jẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí lè má dùn létí. Làpálàpá orí ọmọdé kì í sábà jẹ́ Trichophyton rubrum, ti ara, ti ẹsẹ̀ àti èékánná ni rubrum. Ti orí lágbègbè wa níbí, Microsporum audouinii àti Trichophyton soudanense ni a sábà ń rí. Inú irun gan-an ló máa ń wọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ọsibítù fi máa ń fúnni ní griseofulvin láti gbé mì, torí ìpara kì í dé ibẹ̀. Nígbà míì ara ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa ń lé e lọ. Mi ò sọ pé màmá ò wò ẹ́ sàn o, mo ní orí ọmọ kan ṣoṣo ò tó láti fi mọ̀. Bẹ ọ̀gá ẹ kí wọ́n bá ẹ wá Microsporum.

ỌmọẸlẹ́wé

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi ò kàwé láàbù o, ìyá mi ló ń ta ewé l'Abẹ́òkúta, inú igbá ewé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún àbúrò wa.

Ṣé ó dá ẹ lójú pé àsùnwọ̀n òyìnbó lo já? Torí àsùnwọ̀n kan wà tó jẹ́ tiwa, ewé wọn fara jọra, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá já a tó sì gbẹ tán, kò sí bó ṣe máa dá wọn mọ̀. Ti òyìnbó, òdòdó ẹ̀ máa ń nà ró bí àbẹ́là, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, èèpo èso ẹ̀ ní nǹkan bí apá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá dé ìdí ẹ̀ lálẹ́ wàá rí i pé ewé ti pa ara dé. Mú ẹ̀ka kan tó ní òdòdó lọ síbi tí wọ́n ń kó ewé pamọ́ sí ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí igbó, n'Ìbàdàn, Jericho, wọ́n á wò ó wọ́n á fún ẹ ní nọ́ńbà. Mo ti tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì débẹ̀ rí, ewé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n tà fún un lọ́jà.

Nǹkan kejì tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àríkẹ́, o ní màmá LỌ ewé tútù lórí ọlọ. Ìwọ wá sá a fún ọjọ́ mẹ́wàá o rẹ ẹ́ sínú ọtí o gbé e sórí iná. Ṣé nǹkan kan náà lẹ ṣe? Nílé wa, ewé tí a ń fún kì í ṣe ewé tí a ń sè, ìyá mi máa bá ẹ jà tó o bá se èyí tó yẹ kó o fún.

Ẹ̀kẹta, ọṣẹ dúdú. Eérú kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń se é, bó bá kan ojú ó ń ta, ṣé ohun tó ń ta ojú bẹ́ẹ̀ ò ní ta fọ́ńgáì? Bí o bá dán ewé nìkan wò, o ò tíì dán oògùn màmá wò. Bí o bá dán ewé àti ọṣẹ pọ̀, o ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kó o tún lọ bi wọ́n dáadáa o. Jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, má bi wọ́n lórí fóònù. Àwọn ìyá wa kì í sọ gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ìwà ahun o, ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í wá sí wọn lẹ́nu.

ApoògùnÌlọrin

@ỌmọẸlẹ́wé ẹ ṣé gan-an ni! Ọ̀rọ̀ fífún àti sísè yẹn, òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn kan ní Ṣáínà. Ewé tí wọ́n ń dán wò fún ibà, èsì ẹ̀ ò dúró sójú kan, ìgbà tó wá ka ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn ló rí i pé wọ́n ní kí wọ́n rẹ ewé náà sómi kí wọ́n fún un kí wọ́n mu omi ẹ̀, wọn ò dárúkọ iná rárá. Ó wá fi ether, omi kẹ́míkà kan, fà á níbi tí kò gbóná, ibẹ̀ ni artemisinin, oògùn ibà, ti jáde, wọ́n fún un ní Nobel ní 2015. Ti ibà nìyẹn, kì í ṣe ti bakitéríà, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni. Ááyù tí Alàgbà sọ náà bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó ń pa kòkòrò nínú ẹ̀ ò sí níbẹ̀ àfi ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, iná sì tètè máa ń bà á jẹ́.

Ọṣẹ dúdú ga ní pH, ìwọ̀n tó fi hàn pé kò kan, agbára eérú ló ní, ó sábà máa ń lé ní 9, àdín inú ẹ̀ ní lauric acid tí òun náà ń bá kòkòrò jà. Nítorí náà Àríkẹ́, ọṣẹ tí kò ní ewé gbọ́dọ̀ wà lára kọ́ńtíróòlù ẹ.

AlàgbàLáàbù

Mo gba ohun tí ọmọ ẹlẹ́wé yìí sọ. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, a kì í sábà rántí bi ẹni tó ni oògùn léèrè. Àríkẹ́, lọ jókòó ti màmá. Kó o sì ṣe ohun gbogbo ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ihò mẹ́ta lórí àwo kan náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta.

ÀríkẹM

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àìrí mi, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo dọ̀bálẹ̀ mo kúnlẹ̀. Mo ti tún un ṣe.

Ẹ̀ka olódòdó ti dé Jericho, àsùnwọ̀n òyìnbó ni lóòótọ́, mo ti gba nọ́ńbà. DMSO mi ti di 10%, ihò ẹ̀ ò mọ́ ju 8 mm tó jẹ́ fífẹ̀ ihò fúnra ẹ̀, mo tún fi agar dí ìdí gbogbo ihò. Lórí Staph, oje ethanol 50 mg/ml fún mi ní 14, 13, 14 ní ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe 19 mọ́, ṣùgbọ́n tèmi ni. E. coli, òfo. Mo kọ òfo sílẹ̀.

Trichophyton gbà mí ní sùúrù, iná lọ lọ́jọ́ kẹta, jẹnẹrétọ̀ wọn ò ní epo, mo gbé àwọn àwo náà lọ sí yàrá mi nínú páálí, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí kò gbóná jù. Lọ́jọ́ kẹfà mo ṣí i. Àwo kọ́ńtíróòlù ti bo pátápátá, ó funfun bí òwú, mo dorí ẹ̀ kodò ẹ̀yìn ẹ̀ pupa bíi sobo. Ihò ketoconazole mọ́ rekete. Ihò ewé gbígbẹ mọ́ díẹ̀, ihò ewé tútù tí mo lọ̀ tí mo fún tí mo sẹ́ mọ́ jù ú lọ, mo ti mọ̀ pé mi ò lè fi ìyẹn sọ pé ó lágbára jù, ẹ má bínú sí mi, MIC ló kàn. Mi ò tíì rí Microsporum, ọ̀gá mi ń bá mi bi àwọn ẹlòmíràn.

Ihò ọṣẹ dúdú tí kò ní ewé, òun náà mọ́. Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Mo wá lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó ti màmá àgbà lórí àpótí bí Ẹ̀gbọ́n ỌmọẸlẹ́wé ṣe wí, mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n já ewé, wọ́n ṣan án, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n bu ọṣẹ lé e, wọ́n ń pò ó. Wọ́n wá na ọwọ́ sẹ́yìn sínú igbá kékeré kan, wọ́n tú nílọ́ọ̀nù kan, wọ́n fi ọmọ ìka méjì bu nǹkan yẹ́lò kan wọ́n wọ́n ọn sí i, wọ́n ń pò ó lọ. Mo ní "Màmá, kí ni ìyẹn?" Wọ́n ní "Imí ọjọ́ ni." Mo ní "Ẹ ò sọ fún mi rí pé imí ọjọ́ wà níbẹ̀!" Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé, wọ́n ní "Ṣé o bi mí ni?"

Nítorí náà ọjọ́ Ajé mo tún bẹ̀rẹ̀. Ewé nìkan, ọṣẹ nìkan, imí ọjọ́ nìkan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí màmá ṣe pò ó, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i. Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ imí ọjọ́ ò yọ́ nínú omi, kò fẹ́ yọ́ nínú DMSO 10% náà, ṣé kí n pò ó mọ́ agar tààrà kí n tó da àwo ni, àbí báwo lẹ máa ṣe é?

AlàgbàLáàbù

Bẹ́ẹ̀ ni, pò ó mọ́ Sabouraud nígbà tó ṣì gbóná díẹ̀, nǹkan bí 45 sí 50°C, kó o mì í kó má bàa jókòó sísàlẹ̀, kó o da àwo kíákíá. Gbé fọ́ńgáì rogodo kan sáàárín àwo, kó o máa wọn bó ṣe ń tàn lójoojúmọ́ fi wé èyí tí kò ní nǹkan kan. Ṣe ọṣẹ àti ewé bákan náà kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gba ọ̀nà kan. Wọn pH àwo ọlọ́ṣẹ kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Kí màmá fún mi.